Ìyẹ́ Àfòpiná, Ẹ̀gún Inú Yanrìn

Òórùn èéfín ẹja etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò tíì kúrò nímú mi, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àgbẹ̀ Ìkòròdú yẹn, ni mo máa ń rántí. Kò pẹ́ tí àwa tá a sá ogun kúrò l'Ékòó fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ mi kú. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, òun ni mo fi ń kó ẹja lọ sí Ìjẹ̀dé láti bọ́ àwọn ọmọ. Bá a ṣe ṣe àdúrà fídáù òkú rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó ní òun ló ni ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀rín ló fi mí rín.

"Ìyàwó, àfòpiná ni ẹ́. Ìyẹ́ lásán lò ń jù kiri, kí lo lè ṣe?"

Háà! Lójú àwọn ọmọ mi!

Bẹ́ẹ̀, mo mọ àfòpiná, èyí aláwọ̀ yanrìn tó ní àmì roboto lápá, tó máa ń wá síbi iná tí mo fi ń yan ẹja. Mo sì mọ ẹja pẹlẹbẹ kan nínú ọ̀sà, aláwọ̀ yanrìn bákan náà, tó ní kókó funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ẹ̀yìn. Bí èyí ṣe ń ju apá lókè ni tọ̀hún ń jù ú nísàlẹ̀ omi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àfòpiná a máa wá iná lọ. Ẹja yìí kì í wá ẹnikẹ́ni lọ. Á sin ara rẹ̀ sínú yanrìn, ẹ̀gún á wà nírù. Nítorí rẹ̀ ni ará Ẹ̀pẹ́ kì í gbẹ́sẹ̀ sókè nínú omi tí kò jìn. Ẹsẹ̀ là ń wọ́ nílẹ̀, kó lè gbọ́ wa, kó sá.

Àgbẹ̀ wa ò mọ̀yẹn. Ó ń ti ọkọ̀ mi lọ nínú omi, ó ń gbẹ́sẹ̀ gìrìgìrì bí ẹni tó wà lóko ẹ̀gẹ́. Mo pè é:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ o!"

"Panu mọ́, àfòpiná!"

Kó tó wí tán, ẹ̀gún ẹja náà ti gún un lẹ́sẹ̀, ó figbe ta. Àwọn tó wà létí omi gbé e wá sídìí iná mi, nítorí omi gbígbóná ló ń pa irú oró bẹ́ẹ̀, ìkòkò mi sì wà lórí iná.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, bu omi!"

Mo jókòó, mo káwọ́ mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ọkọ̀?"

Mo ko iná, mo bo ìkòkò. Àwọn àgbà àdúgbò ti pé lé wa lórí.

"Mo ní, ta ló ni ọkọ̀?"

"Ìwọ ni! Ìwọ àtàwọn ọmọ ẹ!"

Gbogbo wọn gbọ́. Ìgbà náà ni mo tó bu omi.

Wọ́n ní ojú mi le. Ó le, kí ló dé? Ara tù mí lọ́jọ́ náà dé ìka ẹsẹ̀. Ẹja ló ta á lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí mo dá ló gba ọkọ̀ padà fún mi. Àfòpiná ṣì ń wá bá àtùpà mi títí dòní. N kì í pa á. Mo kàn máa ń yẹ ìdí rẹ̀ wò ni, bóyá òun náà ti hu ẹ̀gún níbẹ̀.