Òróró Lára Apá Ọkọ̀ Òfurufú Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ lórí ìjókòó S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Berlin, àràárọ̀ Sátidé lèmi àti Dádì máa ń kúrò ní àdúgbò wa ní Marzahn lọ sí ìlú Hamburg. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń lọ lúwẹ̀ẹ́, àwa ń lọ to ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé irọ́ ni mo ń pa. Wẹ́wẹ́ ló wà nínú àpótí nígbà tí wọ́n rà á, pẹ̀lú ìwé tó ṣàlàyé bí èèyàn á ṣe tò ó fúnra rẹ̀. Èèyàn méjì péré ló ń gbà, apá rẹ̀ sì wà lókè, ó bo àwọn tó bá jókòó sínú ẹ̀ bí òrùlé.

Dádì àti Bọ̀dá Gbóyèga, ọ̀rẹ́ wọn láti ilé ìwé ní Iléṣà, ló jọ rà á. Inú gáréèjì ńlá kan lẹ́yìn ìlú Hamburg ni wọ́n ti ń tò ó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n sì ṣa nọ́ọ̀tì tó bá jábọ́. Lọ́sàn-án, a máa jẹ mọ́ínmọ́ín àti dòdò tí Mọ́mì dì fún wa. Tí a bá jẹun tán, mo máa ń wọ inú ọkọ̀ tí kò tíì ní ẹ́ńjìnnì, màá fẹnu ṣe vùùù títí itọ́ á fi rin àgbọ̀n mi.

Ọkọ̀ yìí ń ba Mọ́mì lẹ́rù. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, Dádì ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àdúrà nídìí iṣẹ́. Ní Sátidé kan, Mọ́mì ki ìgò òróró àdúrà kékeré bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì mi. Wọ́n ní, "Fi kan apá méjèèjì, kí bàbá ẹ má baà já bọ́. Má sọ fún wọn o." Aṣọ ni Dádì àti Bọ̀dá Gbóyèga fi bo egungun apá náà bí awọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ tónítóní torí ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ kùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn án. Bí wọ́n ṣe ń jẹun níta, mo da òróró sọ́wọ́, mo fi ya àgbélébùú láti ìdí apá dé ṣóńṣó. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ni mo bá lò ó tán.

Ọ̀dà ò mú. Ṣe ló ń sá kúrò lára aṣọ náà, ó ń dá ihò róbótó-róbótó. Dádì fọwọ́ pa á, wọ́n rí i pé ó ń yọ̀, wọ́n sì yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn. "Gbóyèga, ọwọ́ dòdò lo fi di apá yìí mú." Bọ̀dá Gbóyèga ní àwọn fọwọ́, àwọn tún wọ ìbọ̀wọ́. Dádì ní ẹni tí ò lè fọwọ́ ò ní gbé ọmọ àwọn fò láéláé. Wọ́n bú ara wọn dé orí ìyá tó bí wọn. Mo dúró síbẹ̀, ìgò òfìfo wà lápò mi, mo panu mọ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti ta ọkọ̀ náà láìtò ó tán, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Dádì ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá láìmọ̀ pé èmi ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá jẹ́wọ́ á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, ìyẹn ni mo sá fún. Lóde òní, ọmọ tèmi da omi sórí kọ̀ǹpútà mi, ó ní, "Das war ich," ìyẹn ni pé òun ló ṣe é, ó sì bá eré ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló dójú tì mí báyẹn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Hamburg, mo sì jẹ́wọ́ fún Bọ̀dá Gbóyèga, tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀pá báyìí. Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á bínú, àmọ́ wọn ò bínú.

"Mo ti gbà pé èmi ni," ni wọ́n sọ. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ń rò ó pé bóyá n ò fọwọ́ mi dáadáa."