Obìnrin tí Àwọn Aboyún Kò Fẹ́ Rí

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá!"

Ohun tí Morádéyọ̀ kọ́kọ́ sọ nílé ìwòsàn Ìjẹ̀dẹ̀ nìyẹn, ní Sátidé àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀. Ó rí ìyá àgbà kan tó ń jáde bọ̀ láti yàrá ìgbẹ̀bí, tó gbé ọmọ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé dání, ó sì kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ náà ti kú. Ìyá àgbà kàn fa aṣọ náà bo ojú ọmọ dáadáa.

"Kó o tó kí ènìyàn, kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Agnes, ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí, wí fún un.

Àwọn kan nílé ìwé wa ṣì ń sọ pé nọ́ọ̀sì ni Morádéyọ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni, ní Ìkòròdú níbí, kíláàsì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó pinnu láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ọkàn sójú pátákó," ló sọ fún mi. "Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lù."

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ló gbà á níyànjú pé kó máa wá ní Sátidé, kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà kó tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Morádéyọ̀ ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí òun dúró ti obìnrin kan láti ìgbà tó bá ti ń rọbí títí ọmọ yóò fi ké. Bí òun bá lè fara da ìyẹn, òun lè di dókítà.

Àṣìṣe ọjọ́ yẹn dùn ún. Ó lọ bá ìyá àgbà náà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sílé fi dé. Nọ́ọ̀sì Agnes rí i. Látọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú yàrá, òun ni wọ́n ń rán sí àwọn ẹbí. Ó mọ bí a ti ń túfọ̀. Àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ lọ bá; kì í dojú ọ̀rọ̀ kọ ìyá ọmọ; bó bá sì wí tán, kì í sá lọ.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìlú ńlá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ojú rẹ̀ mọ̀. Bó bá yọ lọ́nà ọjà, àwọn obìnrin a dákẹ́. Ní Sátidé kan, aboyún kan tó ń jẹ́ Ṣùkúrátù ń rọbí lọ́wọ́, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó figbe ta:

"Ta ló pe ìyẹn? Ọmọ mi ò kú o! Ẹ lé e jáde!"

"Omi ló gbé wá, Ṣùkúrá," ni Nọ́ọ̀sì Agnes wí.

"Kó gbé e lọ fún ìyá ẹ̀!"

Àwọn agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀ síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí yàrá náà bá ṣófo nìkan ló ń wọ ibẹ̀.

Yunifásítì ti gbà á wọlé láti kọ́ iṣẹ́ dókítà nígbà tí oyún Balqees, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé nílé ọkọ ní Ìjẹ̀dẹ̀, tó bí.

"Ti Balqees ni màá wò," ló sọ fún mi. "Ẹni tèmi ò ní lé mi."

Ó lọ mú un nílé, wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí wọ́n fi dé. Lẹ́nu yàrá ìgbẹ̀bí, Balqees di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ dúró síta."

"Èmi mà nìyí, Balqees."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀."

Ó dúró síta. Ọmọ ké. Nọ́ọ̀sì Agnes yọjú, ó ní, "O kú ewu ọmọ o!" Morádéyọ̀ wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn.

Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n lé e nílé ìwòsàn. Àwọn mìíràn ní kò rí owó yunifásítì san. Irọ́ ni méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aláìsàn tó bá rí mi, ṣé á lè rò pé òun máa yè?" Mo ní ìlú mìíràn ṣáà wà, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n rí. Kí táàmù tó parí, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwé mìíràn.

Nígbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn, Ẹ̀pẹ́ ló wà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì níbẹ̀, ó sì ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ọjà ẹja.