Àgbò Tí Wọ́n Fi Ajá Rọ́pò

Ní kùtùkùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà Ilo-Awela, òórùn bisikíìtì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà lẹ́yìn ilé wa. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, òórùn ọṣẹ láti ilé iṣẹ́ kejì á dé, méjèèjì á wá dàpọ̀ mọ́ òórùn àpò tí mo sá sẹ́yìnkùlé. Àpò ni mò ń tà, àwọn àpò ike tí ilé iṣẹ́ bá ti lò tán. Mo máa ń fọ̀ wọ́n, mo máa ń rán èyí tó ya, mo sì ń tà wọ́n fún àwọn tó ń di gàrí àti èédú. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ọ̀tà mọ òórùn tí mò ń wí. Òun la fi tọ́ ọmọ.

Inú òórùn yìí ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti yan odì síra wa lọ́dún kan. Ilé iṣẹ́ tó ti ń bá wọn dúró ti ẹ̀rọ láti ìgbà ọ̀dọ́ ní kó máa lọ sinmi. Ó wá délé lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìwó ni mò ń padà sí lẹ́yìn Iléyá. Kó ẹrù rẹ.” Mo ní n kò kó ẹrù kankan, ọjà mi ń bẹ níbí. Ó ní kí n dúró ti àpò mi nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ mọ bí tọkọtaya ṣe ń yodì nílẹ̀ wa: ọmọ là ń rán. “Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.” Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti lọ tán, kò sẹ́ni tí a lè rán. A wá sọ ìyàwó ayálégbé wa di ońṣẹ́. Ó fara dà á títí, àfi lọ́jọ́ tó bú sẹ́rìn-ín, tó ní, “Màmá, ẹ forí jì mí o, èmi kì í ṣe rédíò. Ẹ̀yin méjèèjì ṣáà ń gbóhùn ara yín.” Ni ilé bá dákẹ́ pátápátá. Mò ń rí bàbá àwọn ọmọ bó ṣe ń di aṣọ sínú báàgì díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè bi í pé kí ló dé.

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó ń gbé ní Itele, ló wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ra àwo fíìmù kan bọ̀ ní Ṣàngó Toll Gate. Ó ní, “Fíìmù yín àtijọ́ yẹn ni o, èyí tí ẹ fi ń dà wá láàmú ní kékeré. Wọ́n ti tún un ṣe.”

Fíìmù yẹn! Ìgbà tí èmi àti bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra la wò ó, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, lára aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Ọkọ àti ìyàwó tuntun ló wà níbẹ̀ tí wọ́n jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n búra pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fọhùn ló jẹ̀bi. Ni wọ́n bá ń rán àgbò tí wọ́n so mẹ́yìnkùlé síra wọn. “Àgbò, bá mi sọ fún ọkọ mi pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù.” Àgbò á wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì, á máa jẹ koríko rẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, mo sì di apá rẹ̀ mú láàárín èrò, ohun tí n kò dán wò níta rí.

Ọmọ wa fi àwo náà sínú ẹ̀rọ, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyàwó ayálégbé, ó sì jáde. Ó ku àwa méjì, lórí àga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíìmù tuntun náà ń dán gbinrin, àwọn òṣèré rẹ̀ sì lẹ́wà. Ìjà iyọ̀ dé, wọ́n búra, ìyàwó jáde sẹ́yìnkùlé. Ajá kékeré funfun kan ló jókòó síbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ wọ ẹ̀wù fún un.

Bàbá àwọn ọmọ na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Ajá kẹ̀? Àgbò ni!”

N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Tẹlifíṣọ̀n lèmi náà kọjú sí. “Àgbò oníwo kan ni.”

“Oníwo méjì ni. Ọ̀kan ló ṣẹ́.”

“Tẹlifíṣọ̀n, bá mi kí ẹni tó ń jiyàn ìwo àgbò o. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣe, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò yíjú sí mi. “Bá mi sọ fún ìyàwó mi pé kì í ṣe Ìwó ló ń pè mí. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti dún láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á gbéra, kò sì ní ríbi tó ń lọ. Ojú ń tì mí pé kó máa ṣiṣẹ́, kí n jókòó máa wò ó.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi ti rò pé èmi àti àpò mi la sú u. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹkún tún nǹkan ṣe. Mo ní, “Bá mi sọ fún wọn pé àpò ẹ̀yìnkùlé ti ju ọwọ́ mi lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ ni mò ń wá, tí yóò máa rán an bí fèrè bá ti dún.”

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ìgbà tí mo bá a níbẹ̀, ó ti gbé àpò kan sójú oòrùn, ó ń fi ìka tọ ojú ìrán rẹ̀. “Ta ló rán èyí wúruwùru báyìí?”

“Èmi ni. Ẹ rán tiyín ká rí i.”

Ojúkojú la sọ ìyẹn. Ọmọ wa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín: “Fíìmù ò tíì parí, ẹ̀yin ti parí ìjà!”

Nígbà tí Iléyá dé, báàgì náà ti ṣófo. Bàbá àwọn ọmọ fa àgbò wọlé, ó so ó mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú àgbà. “Àgbò, bá mi sọ fún ìyàwó mi pé òwú ìránpò ti tán, kó má wá pè mí ní ọ̀lẹ.” Àgbò wo èmi, ó wo òun, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀rọ ìránpò rẹ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé. Alhamdulillahi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi tó ra àwo. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ba fíìmù dáadáa yẹn jẹ́, ajá aláṣọ lásán-làsàn. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Àdúrà ni mò ń ṣe fún ẹni tó fi ajá rọ́pò àgbò. Ká ní ó ṣe é bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, àwa méjèèjì ì bá wò ó tán láìfọhùn, báàgì yẹn ì bá sì ti wà ní Ìwó.