Kọ́mándà Tó Ń Pe Orúkọ Nínú Ọkọ̀

Títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n jí Jùbrílù gbé ní Ugbonla. Olóògbé Kọ́mándà Olówòkéré ló jí i gbé.

Jùbrílù kàn sin Láídì ìyàwó rẹ̀ wá sí èbúté ni, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti pákò lẹ́nu. Kọ́mándà ti dìde nínú ọkọ̀, ó ń pe orúkọ èrò, bó ti máa ń ṣe kí Báyọ̀ awakọ̀ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ó kófìrí Jùbrílù, ó pe òun náà. Ọmọlúàbí wo ló ń dákẹ́ fún àgbà?

“Mo wà, sà!”

Ọkọ̀ ti dé àárín omi kí bàbá tó wẹ̀yìn.

“Jùbrílù dà?”

“Kò bá wa lọ, Bàbá,” ni Láídì wí.

“Ṣebí ó dáhùn? Báyọ̀, yí ọkọ̀ padà!”

Moríkẹ́ ẹlẹ́ja figbe ta. “Ẹja mi á bàjẹ́ o! Kọ́mándà, ogun ti parí tipẹ́!”

“Ó parí fún ẹ.”

Nígbà tí ọkọ̀ padà dé èbúté, Jùbrílù ṣàlàyé títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, bàbá ò gbà. Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló wọ̀ dé Ayétòrò tí ọkọ̀ ń lọ, kò sì ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? Kọ́mándà àti Àrìnpé aya rẹ̀ nìkan ló ń gbébẹ̀, síbẹ̀ á pe orúkọ kó tó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ni ì bá tún jẹ́, olè?” ni Àrìnpé á dáhùn.

Ẹ má rò pé orí bàbá dàrú o. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ni ọ̀gá ikọ̀ tó ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ ogun sọdá odò. Lọ́jọ́ tí ìbọn le jù, ó ní kí wọ́n ṣí ọkọ̀ láìpe orúkọ. Kọ́lájọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà létí odò lẹ́yìn. Kọ́mándà gbọ́ igbe rẹ̀, kò ráyè padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Kọ́lájọ ló máa ń kọ́kọ́ pè nínú ọkọ̀ èyíkéyìí, á dákẹ́ díẹ̀, kó tó kan àwa yòókù.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá kú. Omi ti gba itẹ́ òkú, nítorí náà wọ́n gbé pósí rẹ̀ sínú ọkọ̀ Báyọ̀, kí wọ́n lè lọ sin ín lókè níbi tí ilẹ̀ ti le. Báyọ̀ fẹ́ fa ẹ́ńjìnnì.

“Dúró,” ni Àrìnpé wí. “A ò tíì pe orúkọ.”

Ó pe Kọ́lájọ, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó pe Láídì, ó pe Moríkẹ́, wọ́n dáhùn. Ó wá pe “Olówòkéré!”

“Ó wà, mà!”

Jùbrílù ni, lórí èbúté. Ó kàn sin ìyàwó rẹ̀ wá ni. Ó ní ẹkún á pa òun bí òun bá bá wọn débẹ̀. Àmọ́ ó ti dáhùn. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì wọkọ̀.