Kúbúrá àti Kànga Ilé Ògúnbọ̀wálé

Láti kékeré ni Kúbúrá ti ń gba iwájú ilé Ògúnbọ̀wálé kọjá, kò sì wọ inú rẹ̀ rí. Ata ló ń fi ẹ̀rọ lọ̀ jẹun ní Ìdí Arère. Ìjòyè kan ló kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ńlá náà sí Ìsàlẹ̀ Òsì láyé òyìnbó, ó mọ odi yí i ká, ó sì gbin òdòdó àti ọsàn sínú ọgbà. Bí Kúbúrá bá débẹ̀, a pòṣé, a sì mú ẹsẹ̀ yá.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ ìjòyè wá sọ ilé náà di ibi tí àlejò ń sanwó sùn sí, Ishaq, àkọ́bí Kúbúrá, gba yàrá kan níbẹ̀ fún un.

"Màámi, ẹ lọ sinmi díẹ̀. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú."

"Nínú ilé ta? Ṣé ibòmíràn ti tán n'Íbàdàn ni?"

Ishaq kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ó ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, Kúbúrá gbà. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà lẹ́yìn odi yẹn.

Ẹ̀bùnọlá, ọmọ-ọmọ ìjòyè tó ń bójú tó ilé náà, wo bàtà Kúbúrá lẹ́nu ọ̀nà kó tó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ yín dáadáa. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni."

Kúbúrá nu ẹsẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n fún un lókè, fọ́tò ìjòyè wà lára ògiri. Ó yí ojú fọ́tò náà sí ògiri kó tó jókòó.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Ẹ̀bùnọlá mú Kúbúrá àti tọkọtaya kan tó ti Èkó wá yípo ọgbà. Wọ́n dé ìdí kànga kan tí wọ́n fi irin bò lẹ́nu.

"Bàbá wa àgbà ló gbẹ́ kànga yìí fún gbogbo àdúgbò," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "Òùngbẹ kò gbẹ ẹnikẹ́ni láyé wọn."

"Irọ́ ni," ni Kúbúrá wí.

"Ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní irọ́ ni. Àdúgbò ló gbẹ́ ẹ. Bàbá ìyá mi wà lára wọn. Bàbá àgbà rẹ ló wá mọ odi, tó gbé kànga sínú odi. Lọ́gbẹlẹ̀ ọdún kan lẹ́yìn náà, odò Ògùnpa ni ìyá mi ti ń pọnmi, tòun toyún. Ó ṣubú lórí òkúta. Àbúrò mi kò wáyé mọ́."

Tọkọtaya Èkó yára kọjú sí òdòdó. Ojú Ẹ̀bùnọlá pọ́n.

"Ìlara ilé yìí ló ń pa yín! Ojú ta ló ṣe? Ẹ kó ẹrù yín, kẹ́ ẹ máa lọ!"

"N kò ní kó nǹkan kan. Ọmọ mi ti sanwó, mo sì máa sùn níbí."

Ó sì sùn síbẹ̀. Wọn kò gbé oúnjẹ wá fún un, òun náà kò béèrè.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, Kúbúrá sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kànga. Ó ní kí Ezekiel, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bá òun ṣí i. Ezekiel wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó gbé irin kúrò. Kúbúrá fa omi, ó sì fi ṣe àlùwàlá níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀bùnọlá ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ká ọwọ́ gbera. Ẹnì kankan kò kí ẹnì kejì.

Nígbà tí Ishaq gbọ́ ìtàn náà, inú bí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n lọ kówó fún wọn?"

"Kí n lè wọlé ni."

Ẹ̀bùnọlá ti fi àgádágodo ti kànga báyìí. Bí òun àti Kúbúrá bá pàdé ní Bẹẹrẹ, oníkálukú á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀bùnọlá ṣì ń sọ fún àlejò pé bàbá àgbà òun ló gbẹ́ ẹ. Ní Ìdí Arère, Kúbúrá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó mọ̀ fún àwọn tó ń dúró de ata. Bó bá sọ ọ́ dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti ṣubú, a pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.