Bí Wọ́n Ṣe Wọn Àlàáfíà Abúlé Wa

Ní abúlé wa lórí ilẹ̀ Kétu, omi jìnnà sínú ilẹ̀. Omi òjò tí a bá gbà sínú kòtò onísìmẹ́ńtì ni a fi ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Bí ó bá tán, àwọn obìnrin a gba ọ̀nà igbó lọ sí abúlé kejì, garawa lórí. Nítorí náà, inú wa dùn nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ń rán ènìyàn káàkiri láti wádìí bí ayé ṣe rọ abúlé kọ̀ọ̀kan lọ́rùn sí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó.

"Bàbá, báwo ni ìgbé ayé yín?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń pèsè."

"Omi ńkọ́?"

"Kò burú. A dúpẹ́."

Gbogbo ilé tí ó ti yà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èsì kan náà ni ó gbà. Ta ni yóò tú àṣírí ilé rẹ̀ fún àlejò tí kò tíì fi omi panu? Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn, n kò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá, bí ara bá tu gbogbo yín báyìí, abúlé mìíràn ni kànga náà ń lọ o."

Ìyàwó mi ti lọ bu omi fún un. Ó pẹ́. À ń gbọ́ bí garawa ṣe ń ha ìsàlẹ̀ kòtò. Ife kan ṣoṣo ni ó gbé dé, omi inú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ oko.

"Mu ún, ọmọ mi. Mo ti sẹ́ ẹ."

"Ìyá, kí ni ẹ̀yin yóò wá mu?"

"Bi Bàbá! Àwọn ló ní kò burú. Kí wọ́n máa mu 'kò burú' títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ náà mu omi náà tán, kò sì béèrè bí a ti wà mọ́. Ó ní, "Ta ló pọn omi láàárọ̀ yìí? Níbo? Iṣẹ́ wo ló fi sílẹ̀?" Ìyẹn kì í ṣe ìkíni, a dáhùn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀. Ó padà sí gbogbo ilé tí ó ti yà, ó bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

Kànga ẹ̀rọ náà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi lónìí, mo sì ń ṣàdúrà fún ọmọ yẹn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ọmọ náà tún wá lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ kànga náà tán, omi ti wà níwájú rẹ̀ kí ó tó jókòó.

"Bàbá, omi ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Ó gbé ife náà sókè, ó yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, kí ó tó kọ èsì mi sílẹ̀.