Kámẹ́rà Tí Kì í Tẹjú Mọ́ Ènìyàn

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ pè é mọ́. Ìyá Onífọ́tò ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò fi fọ́tò jẹun rí. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà tí ènìyàn ní láti bẹ ẹnìkan kó tó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, òun ni ẹni tí wọ́n ń bẹ. Á fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, á ki okùn bọ ihò lára pátákó ńlá tó wà níwájú rẹ̀, á so ọkọ mọ́ aya, á so ọlọ́jà mọ́ oníbàárà. Ohùn ayé ló ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í rí ojú ẹnì kankan. Ó jọ pé ìyẹn gan-an ló gbé e dé ìdí kámẹ́rà. Ó máa ń sọ pé etí òun ti yó, ojú òun ni ebi ń pa.

Ẹnjiníà tó ń tún pátákó náà ṣe ló kọ́kọ́ yá a ní kámẹ́rà, ọ̀kan kékeré tó ń wọ àpò aṣọ. Kò lo bátìrì, kò sì ní ohun tó ń sọ fún ènìyàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ojú ara ẹni lèèyàn fi ń wọ̀n ọ́n. Fíìmù àkọ́kọ́ tó yà, òkùnkùn biribiri. Èkejì, funfun báláú bí aṣọ tí wọ́n fi búlúù fọ̀. Kò jẹ́ kó sú òun. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á máa wo òjìji igi àti ti ògiri, á máa bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, èyí á gba kí n la ojú kámẹ́rà díẹ̀ sí i, tọ̀hún á gba kí n pa á dé. Àwọn tó ń pàdé rẹ̀ lọ́nà rò pé àdúrà ló ń gbà.

Kò pẹ́ tó fi ra irú rẹ̀ gan-an fún ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ̀kan, wọn á máa fi í rẹ́rìn-ín nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi pákó dí fèrèsé yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ilé ìdáná, ó kan tábìlì gígùn sínú rẹ̀, ó fa gílóòbù pupa síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti ń fọ fọ́tò ní ọ̀sán Sátidé. Á ti ìwé funfun bọ inú omi oògùn, ọkọ á dúró tì í, àwọn méjèèjì á máa wo bí ojú ènìyàn ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú òfìfo, bí ẹni tó ti rìn jìnnà tó ń padà bọ̀ nínú kùrukùru. Omi oògùn yẹn máa ń run bí ọtí kíkan. Ọkọ ti ṣaláìsí tipẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ìyá yìí bá gbóòórùn ohun kíkan níbikíbi, ó máa ń ṣe é bíi pé kó bojú wẹ̀yìn.

Ojúkòkòrò mú òun náà nígbà kan. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò, tí wọ́n máa ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Oníkálukú á gbé báàgì wá bí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀, tí lẹ́ǹsì á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Láàárín wọn, wọn kì í bi ara wọn pé kí lo yà. Kí lo fi yà á ni ìbéèrè. Bí òun náà ṣe lọ ra lẹ́ǹsì gígùn kan nìyẹn, tó wúwo bí áyọ́ọ̀nù eléèédú, pé òun fẹ́ máa ya ẹyẹ létí odò. Á dọ̀bálẹ̀ sínú koríko láti ìdájí, á di ọ̀sán, kò ní mira. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀. Ó dúró, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹyẹ tó wà lórí ẹ̀ka lókèèrè, ó tún wo ìyàwó.

Ó ní, "Ìyàwó mi, bó bá jẹ́ pé ẹyẹ yìí ló wù ọ́ tó báyìí, kí ló dé tí o ò kúkú fẹ́ ẹ?"

Ẹ̀rín pa obìnrin náà débi pé ẹyẹ fò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dúró sí i lọ́kàn. Nígbà tó padà wo gbogbo ohun tó ti fi lẹ́ǹsì yẹn yà, kò sí ọ̀kan tó mọ òun nínú wọn. Ó gbé e fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ràn láti máa ya àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àwọn tó bá wá gba ìmọ̀ràn pé lẹ́ǹsì tí ènìyàn bá yàn, ibi tó fẹ́ dúró sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ló yàn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ ra kámẹ́rà ìgbàlódé fún un, èyí tí kì í jẹ fíìmù. Kò bú u o. Ó mọrírì bó ṣe ń ríran nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀, òun ló sì fi ya gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo wọn á ti rọ́ dé pé kí Ìyá Àgbà jẹ́ káwọn wò ó. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín lọ́wọ́, wọ́n á dá a dúró kí wọ́n lè wò ó.

Ó ní ọ̀kan tó kù, àpótí dúdú kan tó ní ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì, bíi fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyàwó onífọ́tò kan tí ọkọ rẹ̀ kú ló fi ta á lọ́rẹ. Ènìyàn á fi í kọ́rùn kó bàa lè dúró níbi ikùn, á tẹrí ba, á wo inú gíláàsì tó wà lókè rẹ̀, ibẹ̀ ni á ti rí ẹni tó ń yà, pẹ̀lú ọ̀tún tó ti di òsì. Kì í yára rárá, fọ́tò méjìlá péré sì ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi wà nínú àpótí aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan wà tí Ìyá Onífọ́tò kò rí yà rí: àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ibà kan ló ṣe àbúrò yìí ní kékeré. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò padà. Nílé, kò sẹ́ni tó ka ojú náà sí nǹkan kan. Ìyá wọn máa ń fi ṣeré pé ọmọ òun lè ṣọ́ ìkòkò lórí iná, kó sì tún máa ṣọ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi ọjọ́ tí onífọ́tò wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó tẹjú mọ́ ọmọ náà láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó gbé orí sókè, ó tún tẹjú mọ́ ọn, ó wá ní, "Ìwọ, èmi ni kí o wò, kì í ṣe igi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sẹ́yìn pátápátá, ó ní kó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti ìgbà náà, nínú gbogbo fọ́tò ẹbí, àbúrò jẹ́ ìgbọ̀nwọ́, tàbí etí síkáàfù, tàbí àga tí ẹni tó jókòó lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ńṣe ló ní òun á bá onífọ́tò di báàgì rẹ̀ mú, kó má bàa sí níwájú. Ó máa ń fi í ṣàwàdà, ẹ̀gbọ́n náà kì í fipá mú un. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni àbúrò wá, tó jókòó sí ilé ìdáná, tó sì ròyìn pé dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ kékeré kan lè mú ẹyinjú náà padà sí ààyè rẹ̀, kó sì lé orí fífọ́ tó ń fà fún un lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì ti gbà. Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Ó ti ń ronú ohun tí wọn á sè lọ́jọ́ tó bá dé láti ọsibítù, nígbà tí àbúrò gbé kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí ẹ yà mí kí ọjọ́ náà tó pé."

Ẹ̀gbọ́n rò pé òun ṣì í gbọ́. Ó ní kó jẹ́ kí ojú náà gún ná, òun á yà á títí á fi sú u.

Àbúrò mi orí. "Ìyẹn á dára, ṣùgbọ́n ojú mìíràn nìyẹn. Èyí ni mo fi dàgbà. Òun ni mo fi wo ìyá wa gbẹ̀yìn, òun ni mo fi wo àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo bí wọn. Gbogbo ayé mi ni mo fi í pamọ́. Mi ò fẹ́ kó lọ láìsí ẹni tó kí i pé ó dàbọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, òun á yà á.

Nígbà tí àbúrò lọ tán, Ìyá Onífọ́tò kó gbogbo kámẹ́rà rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ti ìgbàlódé, ó gbé e sílẹ̀: àbúrò á ní kí òun wò ó lẹ́yìn ẹyọ kan, á sì sá lọ. Ó gbé kékeré ti àpò aṣọ, ó gbé e sójú, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ohun tó rí ni ohun dúdú olójú kan tó tẹjú mọ́ ènìyàn, ojú ẹni tó mú un dání kò sì hàn. Onífọ́tò ilé ẹ̀kọ́ ló rí yẹn. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó jó o lọ́wọ́. Ó wá ṣẹ́ ku àpótí olójú méjì. Tìyẹn, ẹni tó ń yani ló ń tẹrí ba fún ẹni tí wọ́n ń yà. Kò lè tẹjú mọ́ ọn bó tilẹ̀ fẹ́. Fíìmù rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ẹyin nínú fìríìjì, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó dà sì ti kọjá.

Wọ́n fi í sí àárọ̀ ọjọ́ kan, nínú pálọ̀. Ó ta kọ́tìnì fífẹ́lẹ́ sójú fèrèsé kí oòrùn lè rọ̀, ó na aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sórí àga kejì kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn. Ó gbé àpótí náà karí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó má bàa mì. Àbúrò wọlé pẹ̀lú síkáàfù tó fà bo iwájú orí. Ẹ̀gbọ́n kò ní kó ṣí i. Ó tẹrí ba.

"Ibo lẹ ń wò?" ni àbúrò bi í.

"Inú àpótí ni. Mi ò wò ọ́."

"Ibo ni kí èmi wá wò?"

"Ibi tó bá wù ọ́."

Nínú gíláàsì náà, nítorí pé ọ̀tún ti di òsì, bí àbúrò ṣe ń rí ara rẹ̀ nínú dígí láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kó tó lè tẹ ohunkóhun.

Fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́ le bí pákó. Ẹ̀gbọ́n wá dá ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ sílẹ̀: òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jọ ń sùn, àti bí wọ́n ṣe ń jà lórí ta ni yóò sùn sápá ibi gbígbẹ. Àbúrò ní irọ́ ni, òun ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ omi. Ó rántí bí bàbá wọn ṣe ń hanrun tí aládùúgbò fi wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ó yọ síkáàfù fi nu ojú, ó sì gbàgbé láti wé e padà. Kámẹ́rà náà kì í pariwo, kò ju bí ẹni tó ta èékánná lọ.

Nígbà tó yá, àbúrò bèèrè pé ṣé ẹ̀gbọ́n òun ò tíì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ní ó ti tán.

Yàrá kékeré tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ti di ibùgbé aláǹtakùn. Wọ́n jọ gbá a, wọ́n wá oògùn lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Fíìmù ti gbó lóòótọ́. Ohun kan bí èéfín bo púpọ̀ nínú rẹ̀, ó ba ti ẹ̀rín gan-an jẹ́. Méjì péré ló jáde dáadáa. Nígbà tí wọ́n ki ìwé bọ omi lábẹ́ iná pupa, àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sùn. Iwájú orí ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹnu tó là díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì, ọ̀kan tó kọjú síwájú, ọ̀kan tó ń wo fèrèsé.

"Ṣé ohun tí mo ń sá fún láti ọjọ́ yìí náà nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n fi igi kékeré gbé ìwé náà sínú omi tó mọ́, ó ń mì í jẹ́jẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń rò ó pé bóyá àbúrò kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kí wọ́n tó jáde, pé òun á ṣe é o, orí fífọ́ ti sú òun.

Ó ṣe é, ojú sì gún. Ẹni tó ń sá fún kámẹ́rà wá di ẹni tí kámẹ́rà ń sá fún. Bó bá ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, á ní kí wọ́n gbé ti ìgbàlódé wá, kí wọ́n ya òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, kí wọ́n ya òun lórí àga; á wò ó, á ní àgbọ̀n òun ti pọ̀ jù, kí wọ́n pa á rẹ́ kí wọ́n tún un yà. Àwọn ọmọ ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú fọ́tò méjì náà wà ní yàrá rẹ̀, èkejì wà ní ti ẹ̀gbọ́n.

Inú Ìyá Onífọ́tò dùn sí i, kò sì purọ́. Àmọ́ nígbà mìíràn tí wọ́n bá jọ ń jẹun, tí àbúrò sì sọ ohun ẹ̀rín, ó máa ń wá ojú kan tó máa ń yà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà, bíi pé ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ tó yẹ kó bá wọn gbọ́ àwàdà náà. Kì í rí i mọ́. Kò sọ ọ́ fún un rí. Á bu omi mu, á bá a rẹ́rìn-ín, àbúrò á sì ní kó tètè jẹun tán, kí oòrùn má bàa kúrò lẹ́yìnkùlé kí àwọn tó yàwòrán.